Ohun tí Sigvard Rí Nínú Àwòrán Thyra

Nínú gbogbo òfin tí àwọn ayàwòrán mẹ́rin yìí fi de ara wọn, òfin àga ni Thyra Holk kórìíra jù. Wọn kì í ronú kí wọ́n tó yàwòrán. Ìyẹn ni ẹ̀sìn wọn. Èèyàn á dúró níwájú aṣọ tí wọ́n nà mọ́ igi, á fọkàn sílẹ̀, á jẹ́ kí ọwọ́ máa lọ síbi tó bá wù ú, ohun tó bá sì jáde ni àwòrán. Bí ọ̀dà bá gbẹ tán, ẹni tó yà á ò gbọdọ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n á gbé àga kan kalẹ̀, á jókòó, á kọ ẹ̀yìn sí àwòrán tirẹ̀, á dojú kọ ògiri, á pa ẹnu mọ́. Àwọn yòókù á dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa sọ ohun tí wọ́n rí nínú àwòrán náà títí ẹnu wọn á fi kò. Orúkọ tí wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan sí ni wọ́n á fi èédú kọ sẹ́yìn rẹ̀, orúkọ yẹn ló sì máa gbé lọ síbi àfihàn. Torkild tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ẹni tó yàwòrán ló mọ̀ nípa rẹ̀ kéré jù, nítorí ọwọ́ ló ṣiṣẹ́, orí kọ́. Ó máa ń sọ ọ́ bíi pé òun ló dá ọwọ́ mọ́ ọmọ aráyé.

Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí Torkild bá da ọ̀dà búlúù sílẹ̀ bí ọmọ tó da ọbẹ̀, wọ́n á ní Ìjì Òkun ni. Bí Holger, ọ̀kan nínú wọn, bá fa ìlà wúruwùru, wọ́n á ní Òṣùpá Ń Rẹ́rìn-ín. Ti Thyra nìkan ni kì í yí padà. Ìyá. Ìyá àti Ọmọ. Ìyá Lójú Fèrèsé. Lọ́dún tó kọjá ó fa ìlà dúdú mẹ́ta gbọọrọ, kò sí nǹkan mìíràn lórí aṣọ náà, Holger wò ó títí, ó ní aboyún ni. Thyra kò bímọ, kò ní ọkọ mọ́, kò sì tìtorí èyíkéyìí nínú méjèèjì sunkún. Ọkọ tó fún un lórúkọ Holk ti bá tirẹ̀ lọ tipẹ́. Tó bá wá fajú ro nítorí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, Torkild á fọwọ́ pa irùngbọ̀n, á ní, ṣé ẹ rí i, ibi tó ń dùn ún la fọwọ́ bà. Kí lèèyàn fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ?

Ohun tó ń dùn ún gan-an, kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n nínú wọn, tàbí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rò. Ọ̀rọ̀ Ejnar àbúrò rẹ̀ ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣì ń yan fanda nígboro Copenhagen, wọ́n yìnbọn pa Ejnar lójú pópó ní àdúgbò Nørrebro. Jámánì kọ́ ló pa á. Àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ni, àwọn tó ń bá Jámánì jà ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni, wọ́n ní ó ń ta àwọn aládùúgbò rẹ̀ fún ọ̀tá. Ejnar tó ń tún aago ṣe, tí ò lè purọ́ kẹ́rìn-ín má bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé Valby tí ìyá wọn ń gbé, àwọn aládùúgbò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún un lórí àtẹ̀gùn.

Èyí tó burú jù ni pé Kirstine, ìyá wọn, gbà á gbọ́. Àwọn Jámánì ti kó ọkọ obìnrin tí ilẹ̀kùn wọn kọjú síra lọ, ọkùnrin náà kò sì padà wá, ojú wo ni Kirstine máa fi wo obìnrin yẹn kó wá sọ pé àwọn ajàjàgbara ṣìṣe? Ó yọ fọ́tò Ejnar kúrò lára ògiri. Kò lọ síbi ìsìnkú. Thyra nìkan ló lọ, òun àti àwọn tó gbẹ́lẹ̀, àti àlùfáà kan tó ń ka àdúrà bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ pé Ejnar kò ta ẹnikẹ́ni. Ó ti sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ti fi igbe sọ ọ́, ó ti fi ẹkún sọ ọ́. Kò ní ẹ̀rí kankan. Gbogbo ohun tó ń wá láyé yìí kò ju ẹnì kan lọ, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, tó máa dúró níwájú Kirstine tó máa sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Láàárín àwọn ayàwòrán, kò dárúkọ Ejnar rí. Ta ló máa bá arábìnrin ọ̀dàlẹ̀ mutí? Ó mọ̀ pé òun ń fi àbúrò òun pamọ́ bí ohun ìtìjú, inú rẹ̀ sì ń bí sí ara rẹ̀ nítorí ìyẹn náà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1949, ó lọ kí ìyá rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sì tún jà. Kirstine ń bó ànàmọ́ lọ, kò gbójú sókè. Ó ní, "Thyra, àwọn èèyàn yẹn kì í pa èèyàn lásán. Jẹ́ kí n gbádùn ara mi." Thyra gbá ilẹ̀kùn mọ́ ọn gbàgà, ó wọ tráàmù, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ó sì lọ tààrà sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé ilé kan ní Vesterbro. Kò bọ́ kóòtù. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lẹ ọ̀dà dúdú mọ́ aṣọ, ó da pupa lé e, ó fi àkísà nù ún, ó tún da pupa lé e, ó fi èékánná ha á. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ọ̀dà yẹ́lò díẹ̀ ṣẹ́kù lẹ́nu ọ̀bẹ tó fi ń pò ó. Ó nù ún sí apá òkè lọ́wọ́ òsì, bí èèyàn ṣe ń nu ọ̀bẹ mọ́ búrẹ́dì. Kò ronú kan Ejnar rárá. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ń rò, bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé lórí ànàmọ́ yẹn.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n wá sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀sán ni, wọ́n ti jẹ búrẹ́dì dúdú àti ẹja tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan, Holger sì ti mu ọtí líle tirẹ̀ tán, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ti ẹlòmíràn. Holger ni apanilẹ́rìn-ín wọn. Ó sanra, ó máa ń ya ẹranko tí kò sí láyé, kò sì níkà nínú, àfi pé kò sí ohun tó lè rí kó má dápàárá sí i. Ẹnì kẹrin ni Sigvard. Ọkùnrin gíga, tí ń tẹ èjìká síwájú, tó máa ń fọwọ́ sápò nígbà gbogbo. Gbogbo wọn mọ̀ pé ó wà lára àwọn tó jà ní ìkọ̀kọ̀ nígbà ogun, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un nítorí ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í sọ ọ́. Nígbà òtútù burúkú ọdún 1947, tí èédú wọ́n bí ojú, ó máa ń ru èédú gun àtẹ̀gùn Thyra, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, á lọ láìjókòó. Thyra rò pé ó ń fẹ́ òun ni. Ó tilẹ̀ ti rò ó nígbà kan pé tó bá la ẹnu, òun ò ní lé e.

Torkild gbé àga kalẹ̀. Thyra jókòó, ó kọjú sí ògiri, ó sì pinnu pé bí wọ́n bá tún pè é ní ìyá lónìí, òun máa kúrò nínú ẹgbẹ́ wọn ni, kí wọ́n máa fi irùngbọ̀n ara wọn ṣeré.

Holger kò tilẹ̀ jẹ́ kó pẹ́. Ó ní obìnrin tó ń rọbí ni, pé ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá fọ́ á rí i. Torkild ní rárá, obìnrin náà ti bí, ọmọ tuntun ni yẹ́lò tó wà lókè yẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ibi tí ọmú wà. Thyra ń gbọ́ wọn lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí àga mú. Bí àwọn èèyàn wọ̀nyí bá rí òkúta, wọ́n á ní obìnrin ló yà á, nítorí náà omi ọmú ló ń ṣàn lára ẹ̀. Òfin ní kó dákẹ́, ó sì dákẹ́.

Torkild wá ní kí Sigvard sọ tirẹ̀. Sigvard kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí àwọn yòókù bá sọ ló máa ń fara mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó ní tirẹ̀ láti sọ, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ débi pé Thyra ní láti tẹ́tí.

"Kẹ̀kẹ́ ló wà nílẹ̀ yẹn," ó ní. "Táyà iwájú ẹ̀ ṣì ń yí."

Holger ní níbo. Sigvard ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ.

"Ọkùnrin kan dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Yẹ́lò yẹn, ọmọ kọ́, ẹyẹ ni. Wọ́n ti tú wáyà tí wọ́n fi so ilẹ̀kùn àgò ẹ̀, wọ́n ti ṣí i fún un. Kò lọ. Ó jáde, ó bà lé èjìká ọkùnrin yẹn, ó dúró síbẹ̀."

Holger rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá rí ẹyẹ níbẹ̀ ló yẹ kí wọ́n gba ọtí lọ́wọ́ ẹ̀. Torkild kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dára gan-an, kó máa bá a lọ. Kò sẹ́ni tó wo Thyra.

Thyra mọ ẹyẹ náà. Ọjọ́ tí Ejnar kú, ó ń gbé ẹyẹ kánárì yẹ́lò kan lọ fún ìyá wọn. Ọjọ́ ìbí Kirstine ni. Àwọn ọlọ́pàá fún Thyra ní kóòtù Ejnar àti àgò ẹyẹ náà, àgò òfìfo, oúnjẹ ẹyẹ ṣì wà nínú ife kékeré inú rẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ṣí nígbà tó ṣubú. Irọ́ ni. Ejnar ti fi wáyà so ó, Thyra fúnra rẹ̀ ló di àgò náà mú fún un lọ́jọ́ tó ń so ó, ẹni tó bá tú u, ìka ló fi tú u, jẹ́jẹ́. Láti ìgbà náà ló ti ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló tú wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń kú. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kó ní òun ò fẹ́ ẹyẹ ọ̀dàlẹ̀.

Ó dìde. Ó yí ojú padà, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ṣe rí látìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Torkild ní, "Thyra, jókòó, a ò tíì sọ ọ́ lórúkọ." Sigvard ni Thyra ń wò. Ojú ọkùnrin náà ti funfun bí ìyẹ̀fun, ó sì ti mọ ohun tó ti ẹnu òun jáde.

"Sigvard," Thyra ní, "wá jókòó síbí."

"Àwòrán tìẹ la..." Torkild bẹ̀rẹ̀.

"Torkild, pa ẹnu ẹ dé. Sigvard, mo ní wá jókòó. Kọjú sí ògiri."

Sigvard wá. Ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó yọ ọwọ́ nínú àpò, ó gbé e lé orúnkún. Holger ṣì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rò pé eré tuntun ni. Thyra dúró lẹ́yìn àga náà.

"Ó kàn mí láti sọ ohun tí mo rí," ó ní. "Mo rí ọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Mo rí ẹni tó tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ẹ̀yìn ló ti yìnbọn fún un, kò jẹ́ kó rójú òun. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń tú wáyà lára àgò ẹyẹ. Ó ráyè ẹyẹ. Kò ráyè béèrè orúkọ èèyàn, ṣùgbọ́n ó ráyè ẹyẹ." Ó mí kanlẹ̀. "Mo tún rí èédú. Mo rí i tó ń ru èédú gun àtẹ̀gùn mi, tó ń sọ pé mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí òtútù mú mi. Ejnar lorúkọ ọkùnrin yẹn. Àbúrò mi ni. Sọ̀rọ̀ báyìí, mo fún ẹ láyè."

Holger gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ọrùn Sigvard ti pọ́n dé etí. Ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Òun kọ́ ni wọ́n rán mi sí."

Ó rò ó fún wọn bẹ́ẹ̀, láìyíjú padà. Wọ́n ní kó lọ bá ọkùnrin kan tó ń gbé àjà kẹta, lọ́wọ́ òsì, nínú ilé tí Ejnar náà ń gbé, lọ́wọ́ ọ̀tún ní àjà yẹn kan náà. Ọ̀dàlẹ̀ ni lóòótọ́, ó ti fi èèyàn sẹ́wọ̀n. Ọmọ Copenhagen wo ni kò mọ̀ pé láti orí àtẹ̀gùn iwájú la ti ń ka òsì àti ọ̀tún? Ṣùgbọ́n Jámánì pọ̀ lójú títì lọ́jọ́ náà. Sigvard kò lè dúró síwájú. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn garawa ìdọ̀tí, ó ń ṣọ́ àtẹ̀gùn ilé ìdáná. Láti ẹ̀yìnkùlé, òsì ti di ọ̀tún, ọ̀tún ti di òsì. Ogún ọdún péré ni, kò rò ó. Ọkùnrin kan jáde láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó gbé àgò lọ́wọ́, ó mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Sigvard tẹ̀ lé e.

"Ìgbà wo lo mọ̀?" Thyra béèrè.

"Ọjọ́ kejì. Ẹni tí wọ́n rán mi sí jáde lọ ra sìgá."

Ó ní òun sọ fún ẹni tó rán òun. Onítọ̀hún ní kí òun gbẹ́nu dákẹ́, pé tí ogun bá parí àwọn á tún un ṣe. Àwọn Jámánì pa onítọ̀hún kí ogun tó parí. Lẹ́yìn náà, Sigvard ní, òun ń fẹ́ sọ ọ́. Ọdọọdún lòun ń fẹ́ sọ ọ́.

"Ọdọọdún," Thyra ní. Ó fẹ́ gbá a lórí. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbéra. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa fi Sigvard ṣe tó bá sọ̀rọ̀, kò sí ilé ẹjọ́ tó ń tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò mọ́, gbogbo ìlú ti kà á sí ọ̀rọ̀ ogun. Ẹ̀wọ̀n kọ́ ló bà á lẹ́rù. Ojú ló ń tì í. Nítorí ìtìjú tirẹ̀ ló ṣe jẹ́ kí ìyá kan máa kórìíra ọmọ rẹ̀ tó ti kú.

Ibi yìí ni Torkild ti sọ̀rọ̀. Ó ti mú èédú ìkọ̀wé lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní ẹ̀dùn ọkàn ni o, gbogbo wọn ló dùn, ṣùgbọ́n kí wọ́n wo ohun tí àwòrán lè ṣe, kí wọ́n wo bí ọwọ́ Thyra ṣe mọ ohun tí orí rẹ̀ kò mọ̀. Ó ní orúkọ rẹ̀ ti dé. Ẹyẹ Tí Kò Lọ. Ó ń lọ sẹ́yìn àwòrán náà láti kọ ọ́.

"Ọwọ́ mi ò mọ nǹkan kan," Thyra ní. "Kò sí ẹyẹ níbẹ̀. Ọ̀bẹ ni mo nù. Ohun tó wà nínú orí Sigvard ló rí, bí ẹ̀yin náà ṣe ń rí tiyín látọjọ́ yìí. Torkild, bí o bá kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sẹ́yìn nǹkan yẹn, màá fi orí ẹ lu ú ya."

Torkild dúró. Holger gba èédú náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò dápàárá kankan, ó jù ú sínú sítóòfù.

Thyra sọ fún Sigvard pé kó dìde, Valby ni wọ́n ń lọ. Sigvard kò bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Nínú tráàmù, Thyra dúró, ó di irin mú, kò fẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òjò ń rọ̀, àwọn èèyàn ń ti ibi kéèkì ọjọ́ Àìkú bọ̀ pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni Sigvard sọ̀rọ̀, ó béèrè bóyá kí òun mẹ́nu kan ẹyẹ náà. Thyra ní gbogbo ẹ̀ ni kó sọ, títí kan ìgbà tó ru èédú. Ó ń wo ojú rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé, ó sì ń rò ó pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ́ ọkùnrin yìí. Ìyẹn tún dá iná mìíràn sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Kirstine ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkùnrin gíga tó ń kán omi lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là. Ẹni tó ti pẹ́ tó ń dúró kí Thyra tún mú ọkùnrin wálé ni. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ó ti gbé ife tó ní òdòdó lára sórí tábìlì, èyí tí kì í gbé síta fún Thyra nìkan, ó ti ń gé kéèkì, ó ní kí Sigvard bọ́ kóòtù kí ó má ṣe jẹ́ kí òtútù mú un. Thyra fẹ́ sọ fún un pé kó dáwọ́ dúró. Kò lè sọ ọ́. Ìbínú kò jẹ́.

Sigvard kò jókòó. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó sì sọ ọ́. Ó sọ ọ́ dáadáa, ká sọ òótọ́, kò bo nǹkan kan. Ó sọ nípa àjà kẹta, ó sọ nípa ẹ̀yìnkùlé, ó sọ nípa kẹ̀kẹ́ àti ẹyẹ. Kirstine gbé ìkòkò kọfí lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dà á, kò gbé e sílẹ̀. Nígbà tó sọ tán, obìnrin àgbà náà ní kó tún ti òsì àti ọ̀tún yẹn sọ. Ó tún un sọ.

"O ní ọjọ́ kejì lo mọ̀," Kirstine ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Wọn ò tíì sin ín nígbà yẹn."

"Wọn ò tíì sin ín, Ìyá."

"O mọ̀ pé ọmọ dáadáa ni wọ́n ń sin, o wá dákẹ́ síbẹ̀. Níbo lo wà?"

Sigvard wolẹ̀. "Mo wà níbẹ̀," ó ní. "Mo dúró lẹ́nu géètì. Ibẹ̀ ni mo ti rí Thyra."

Thyra kò mọ èyí. Kò rí ẹnikẹ́ni lẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà, omi ló kún ojú rẹ̀. Ó ń retí kí ìyá rẹ̀ ju ìkòkò kọfí náà lu ọkùnrin yìí. Kirstine kò jù ú. Ó gbé e kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ọwọ́ náà.

"Ìwọ lọ," ó sọ fún Sigvard. "Èmi ò lọ."

Kirstine tú épírónì, ó tún un so, ó tún tú u. Ó bi Thyra pé ibo ni wọ́n sin Ejnar sí, pé apá ibo gan-an, ṣé igi wà níbẹ̀. Láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni Thyra ti tọ́jú ọ̀rọ̀ kan sẹ́nu de ọjọ́ yìí. Ó ti sọ ọ́ nínú balùwẹ̀, ó ti sọ ọ́ lórí tráàmù, ó mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe máa rí. Ó rí i pé ìyá òun ti dàgbà, ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Kò gbé e mì.

"Mo sọ fún yín," ó ní. "Mo sọ fún yín, Màmá, ẹ ò gbà mí gbọ́."

Kirstine ní bẹ́ẹ̀ ni, o sọ fún mi. Ó ti wọ kóòtù láti lọ síbi ibojì Ejnar, ó ti tẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ń fọwọ́ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ní o sọ fún mi, o sọ fún mi dáadáa, ó sì ń fọwọ́ wá a káàkiri ilẹ̀. Bàtà náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.